Ẹsẹ̀ Uno ò tó mọ́: ṣé Mega ni ká rà, àbí shift register?

Ìbéèrè láti Gáà-Akanbí, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì ń ṣe pátákó àsìkò ìrun fún mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ìlà mẹ́fà ló máa wà lórí ẹ̀: aago ìsinsìnyí lókè, lẹ́yìn náà Àsùbáà, Àìlà, Àlàásárì, Màgàríbì àti Ìṣáì. Nọ́ńbà mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì fẹ́ kó tóbi kí àwọn tó wà ní sáàfù ẹ̀yìn lè rí i. Arduino Uno, pátákó kékeré tí wọ́n ń fi kóòdù darí, ni mo ní; ẹsẹ̀ (pin) tó ṣeé lò lára rẹ̀ ò ju 20 lọ. Ẹnì kan ní kí n lọ ra Mega, ẹ̀gbọ́n Uno tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Ẹlòmíì ní 74HC595, ìyẹn shift register, IC kékeré tó ń fi ẹsẹ̀ kún ẹsẹ̀, ló máa yanjú ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan lo 595 fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, IC náà gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn, nígbà tó yá ó kú. Mo tún fẹ́ fi bọ́tìnnì mẹ́rin sí i tí Lèmọ́ọ̀mù á fi máa tún àsìkò ṣe. Èwo ni kí n ṣe? Owó tí ìjọ dá ni, mi ò fẹ́ fi ṣòfò.

* * *

Èsì

Àbúrò, ka ẹsẹ̀ ná kó o tó ka owó. Ìlà 6, nọ́ńbà 4 lórí ìlà kan, 24 nìyẹn. Segment 7, ìyẹn ìlà kéékèèké tó ń tàn, ló ń para pọ̀ di nọ́ńbà kan, 168 nìyẹn, a ò sì tíì ka àmì tó máa ń wà láàárín wákàtí àti ìṣẹ́jú. Mega 2560 ní ẹsẹ̀ dígítà 54 àti analog 16. Tó o bá lo gbogbo ẹ̀ pátá, 70 ni. Ẹni tó ní kó o ra Mega ò tíì ka iṣẹ́ tó o fẹ́ ṣe. Wàá ná owó náà tán, ìdajì pátákó ò ní tíì tàn.

Bí 595 ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àyè mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀ tó ń gba bíìtì, ìyẹn òdo tàbí ení. O máa gbé bíìtì kan sí ẹsẹ̀ 14, tí í ṣe data, o máa gbé ẹsẹ̀ 11, tí í ṣe clock, láti ìsàlẹ̀ sókè, bíìtì yẹn á sì wọlé. Tí òmíì bá wọlé, ti àkọ́kọ́ á sún síwájú, bí àwọn lébìrà ṣe máa ń tò tí wọ́n á máa na búlọ́ọ̀kù síra wọn láti orí ọkọ̀ dé ìdí ògiri. Ní gbogbo àsìkò yẹn, nǹkan kan ò yí padà níta. Ìgbà tó o bá gbé ẹsẹ̀ 12 sókè, ìyẹn latch, ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí àyè ò gbà mọ́ á gba ẹsẹ̀ 9 jáde. So ẹsẹ̀ 9 yẹn mọ́ ẹsẹ̀ 14 ti 595 kejì, ti kejì mọ́ ti kẹta, títí wàá fi débi tó o ń lọ. Clock kan náà, latch kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré lára Uno rẹ ló máa darí 8, òun náà ló máa darí 192. IC 24 fún nọ́ńbà 24, bíìtì kẹjọ tó ṣẹ́ kù lára kọ̀ọ̀kan sì wúlò fún àmì àárín yẹn.

Torí náà, shift register ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tí IC rẹ̀ jóná ló jẹ mí lógún jù, torí ohun tó pa tiẹ̀ máa pa tìrẹ náà tí a ò bá sọ ọ́ délẹ̀. Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

* * *

Lórí ohun tí àwọn tó kù ń sọ lábẹ́ ìbéèrè yìí

Mo ti ka gbogbo èsì. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí.

Àwọn kan ní MAX7219. IC dáadáa ni, mo máa ń lò ó. Ọ̀kan ń darí nọ́ńbà mẹ́jọ, mẹ́ta á sì gbé 24. Ó ń tan nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì lọ́nà tó yára débi tí ojú ò fi ní mọ̀, ó sì lè dín ìmọ́lẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Ká ní aago kékeré orí tábìlì lo fẹ́ ṣe ni, ǹ bá ní kó o má wò lẹ́yìn. Àmọ́ fólítì 5 ló ń jẹ. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n máa rí láti sáàfù ẹ̀yìn, LED mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú segment kan, fólítì 5 ò sì lè ta gbogbo wọn jí. Fólítì 12 ni wọ́n ń fẹ́.

Àwọn kejì ní MCP23017. Wáyà méjì ti I2C, ọ̀nà tí IC fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ló ń lò, ẹsẹ̀ 16 ló ní, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì lè jẹ́ input tàbí output bó o bá ṣe sọ fún un. Mi ò bá àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì mẹ́jọ péré ló ní, mẹ́jọ lọ́nà 16 sì jẹ́ 128. Kò dé 168. Ibi tí mo ti máa ń yàn án ni ibi tí input àti output bá ti dà pọ̀ mọ́ra, tí wọn ò sì pọ̀.

Àwọn kẹta ní nǹkan àtijọ́ ni shift register, pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Èyí ni mi ò gbà rárá. Páàdì ẹ̀rọ géèmù NES ti Nintendo, 4021 ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń kó bọ́tìnnì mẹ́jọ gba wáyà data kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ pátákó tí ọ̀rọ̀ ń sáré lórí ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìlọrin, tó o bá tú ẹ̀yìn rẹ̀, 595 ló máa kí ọ káàbọ̀. Kò béèrè àdírẹ́sì, kò béèrè láíbìrì, ìwé datasheet rẹ̀ sì ṣeé kà tán ní ìjókòó kan. Ohun tó pẹ́ tó sì ń ṣiṣẹ́ ò di àkísà.

* * *

Ìdí tí 595 ọ̀rẹ́ rẹ fi jóná

Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹni tó ń ka èyí, ẹ dúró síbí díẹ̀. Ẹsẹ̀ ni shift register ń fi kún ẹsẹ̀. Kì í fi agbára kún agbára. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá tí mo ń rí ti ń dojú dé.

Nínú datasheet 74HC595, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná tó lè gba ẹsẹ̀ kan kọjá ò gbọ́dọ̀ ju 35 mA lọ. Gbogbo ayé ló ń ka ìlà yẹn. Wọ́n á ní, ṣebí 20 mA ni LED mi ń jẹ, ó ṣì wà nísàlẹ̀. Wọn kì í ka ìlà tó tẹ̀ lé e: gbogbo iná tó ń gba ẹsẹ̀ VCC (ibi tí iná ń gbà wọlé) tàbí ẹsẹ̀ ground (ibi tó ń gbà jáde) IC náà kọjá, lápapọ̀, ò gbọ́dọ̀ ju 70 mA lọ. LED mẹ́jọ lọ́nà 20 jẹ́ 160 mA. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì ohun tí IC lè gbà lọ. Kò ní kú lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ. Á máa ṣiṣẹ́ lórí tábìlì ilé, á gbóná díẹ̀. Ọjọ́ tí nọ́ńbà 8 bá pẹ́ lórí ẹ̀ níwájú olùkọ́ tó ń yẹ iṣẹ́ wò ló máa dákẹ́.

Nǹkan kejì ni pé nọ́ńbà 35 yẹn ààlà ìparun ni, kì í ṣe ibi tó yẹ kí èèyàn máa gbé. Ibi tí àwọn tó ṣe IC náà ti fọwọ́ sọ̀yà pé fólítì tó ń jáde ṣì máa dúró dáadáa, 6 mA lórí ẹsẹ̀ kan ni.

Tó bá jẹ́ LED pupa kékeré lo fẹ́ tàn tààrà láti ara 595, bó o ṣe máa ṣírò ẹ̀ nìyí. Fólítì 5 ni pawa, LED pupa máa ń mú bíi fólítì 2, ó ku 3. Pín 3 sí 0.006, ó jẹ́ 500. Fi rẹ̀sísítọ̀ 470 ohm sí i, wàá gba bíi 6.4 mA. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lápapọ̀ ò ní ju 51 mA lọ. IC náà á tutù, ìmọ́lẹ̀ LED òde òní á sì tó fún inú ilé. Rẹ̀sísítọ̀ kan fún LED kan o! Àwọn tó ń fi ẹyọ kan ṣoṣo sí ìdí ground fún gbogbo mẹ́jọ, ẹ wo pátákó yín dáadáa: nọ́ńbà 1 á mọ́lẹ̀ yòò, 8 á ṣókùnkùn, torí pé segment méjì ló ń pín iná náà nínú ti àkọ́kọ́, méje nínú ti èkejì.

Fún pátákó mọ́ṣáláṣí, má wulẹ̀ lo 74HC595 níbi tó ti kan LED. Lo TPIC6B595. Ọ̀nà tó gbà ń gba bíìtì bá ti 595 mu, ìyàtọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gba 150 mA, ó sì lè fara da fólítì tó tó 50. Ẹsẹ̀ 20 ló ní, kì í ṣe 16, torí náà má fi sínú sókẹ́ẹ̀tì 595. Kì í ti iná jáde, ńṣe ló máa ń fà á wálẹ̀ sí ground, nítorí èyí common anode (èyí tí ẹ̀gbẹ́ pósítíìfù gbogbo segment rẹ̀ para pọ̀) ni nọ́ńbà rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ra common cathode kí wọ́n tó béèrè. Béèrè kó o tó sanwó.

Ìṣírò tìrẹ: LED pupa mẹ́rin nínú segment kan jẹ́ bíi fólítì 8. Nínú 12, ó ku 4. Rẹ̀sísítọ̀ 220 ohm á fún ọ ní bíi 18 mA. Lọ́nà 168, bíi 3 A ni tí gbogbo ẹ̀ bá tàn pọ̀. Adápítà fólítì 12, 5 A, ni kó o rà, kó má baà máa ṣiṣẹ́ dé góńgó nínú ooru oṣù kẹta Ìlọrin.

* * *

Ìbéèrè láti Ọ̀ffà

*Ẹ jọ̀ọ́, tèmi jọ èyí. Mo fi 595 àti ULN2803, IC tó lè gbé iná tó pọ̀, darí relay mẹ́jọ, ìyẹn swíìsì tí iná ń tì, nílé mi, fún pọ́ńpù omi, iná ìta àti fáànù. Kò sí wàhálà àfi tí iná bá lọ tó sì dé. Bó ṣe ń dé báyìí, relay á kàn gbéra fúnra wọn, pọ́ńpù á ti bẹ̀rẹ̀ kí Arduino tó jí. Wọ́n ní IC mi ni ò dáa. Mo pààrọ̀ ẹ̀, ibi tó wà náà ló wà. Ẹlòmíì ní kí n fi delay sínú kóòdù.*

Èsì

Ẹ̀gbọ́n, IC yín ò ṣẹ̀. Àkọ́kọ́ pàápàá, ẹ kú iṣẹ́ pé ẹ fi ULN2803 sí i. Relay kékeré fólítì 5 máa ń fa bíi 70 mA, ẹsẹ̀ 595 kankan ò lè gbé e.

Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ 595, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa bá nínú latch rẹ̀. Ó lè jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ ení, ó lè dà pọ̀. Ìwé ìkọ́ni tí ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ ní ká so ẹsẹ̀ 13, ìyẹn OE, ẹsẹ̀ tó ń ṣí ẹnu ọ̀nà àbájáde tàbí tó ń tì í, mọ́ ground. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Fún LED, kò burú, á kàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Fún pọ́ńpù, ewu ni. Delay inú kóòdù ò lè ràn yín lọ́wọ́, torí pé kóòdù ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá nígbà tí relay ti gbéra.

Ẹ tú ẹsẹ̀ 13 kúrò lára ground. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 10 kilo-ohm gbé e lọ sí fólítì 5, kí ẹ tún so ó mọ́ ẹsẹ̀ kan lára Arduino. Bí iná bá ti dé, rẹ̀sísítọ̀ yẹn á ti ilẹ̀kùn. ULN2803 ní rẹ̀sísítọ̀ tirẹ̀ nínú tó máa jẹ́ kó wà ní pípa nígbà tí 595 ò bá sọ nǹkan kan. Nínú setup, apá kóòdù tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi òdo ránṣẹ́, ẹ gbé latch, lẹ́yìn náà kí ẹ tó fa OE wálẹ̀. Bí ẹ ṣe tò ó ló ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ oríṣi pátákó relay tí òdo máa ń tàn ni ẹlòmíì ní, 255 ni kó fi ránṣẹ́ dípò òdo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ẹ̀ ló máa tàn pọ̀.

Mo rí ẹni tó ní kí ẹ lo ẹsẹ̀ 10, MR, láti fi nù ún mọ́. Ẹsẹ̀ 10 máa ń nu ibi tí bíìtì ń gbà sún, kì í nu latch. Ohun tó wà níta á ṣì wà níta títí ẹ ó fi gbé ẹsẹ̀ 12. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ò mọ èyí, wọ́n á máa bú IC.

Ọ̀rọ̀ kan péré nípa pọ́ńpù náà: ẹ má jẹ́ kí relay kékeré yẹn gbé e tààrà. Mọ́tò máa ń fa iná púpọ̀ gan-an bó ṣe ń gbéra, ojú relay á lẹ̀ mọ́ra, kò ní kú mọ́ bí ẹ bá tiẹ̀ pa á. Kí relay fa contactor, ìyẹn relay ńlá fún mọ́tò, kí contactor fa pọ́ńpù.

* * *

Ìbéèrè láti Òmù-Àrán

*Mo ń sin adìyẹ. Mo fẹ́ mọ̀ láti inú ilé ilẹ̀kùn tó bá ṣí sílẹ̀ àti táńkì omi tí kò bá kún, 16 ni gbogbo ẹ̀. Ọmọ mi ní 595 náà lè kà á. Ṣé òótọ́ ni?*

Èsì

Rárá, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ló ń jáde lẹ́nu 595, kì í gbọ́. Èyí tó ń gbọ́ ni 74HC165. Òun máa ń ṣe òdì-kejì: ẹ máa fa ẹsẹ̀ 1 rẹ̀ wálẹ̀, á ya àwòrán gbogbo input mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà; ẹ máa gbé e padà sókè, lẹ́yìn náà clock, ẹsẹ̀ 2, á máa tú wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹsẹ̀ 9. Fún 16, méjì ni ẹ nílò. Ẹsẹ̀ 9 ti èyí tó jìnnà á wọ ẹsẹ̀ 10 ti èyí tó sún mọ́ Arduino. Ẹsẹ̀ 15 gbọ́dọ̀ lọ sí ground, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ clock ò ní ṣiṣẹ́, ẹ ó sì rò pé IC ti kú.

Kò sí rẹ̀sísítọ̀ nínú 165 tó máa di input mú. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, tí swíìsì rẹ̀ ò kan nǹkan kan, ẹsẹ̀ yẹn á kàn máa léfòó, á máa sọ ohun tó bá wù ú. Gbogbo input ló gbọ́dọ̀ ní rẹ̀sísítọ̀ tó gbé e lọ sí fólítì 5, títí kan èyí tí ẹ ò lò.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé tó bá fẹ́ lo shiftIn, àṣẹ kóòdù Arduino tó ń ka bíìtì wọlé, kó ṣọ́ra. shiftIn máa ń gbé clock sókè kó tó kà. Bẹ́ẹ̀, bíìtì àkọ́kọ́ ti 165 ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí clock tó lọ rárá. Bíìtì yẹn máa sọnù, gbogbo ìyókù á sún ní ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀kùn 3 ló máa ṣí, ẹ̀rọ á ní ilẹ̀kùn 4 ni. Kó gbé clock sókè fúnra rẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ 1 padà sókè, wàhálà náà parí. Àwọn kan ní kó máa fi ìṣírò tì í padà sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn tó bá kà á. Mi ò gbà, torí bíìtì tó ti sọnù ò ṣeé ṣírò padà.

Ọ̀rọ̀ wáyà ló kù, òun ló sì le jù nínú oko. Ẹ má gbé 165 lọ sí ilé adìyẹ kí ẹ wá fa clock gba àgbàlá kọjá. Clock ni kò fẹ́ wáyà gígùn, ariwo díẹ̀ lórí rẹ̀ á di bíìtì tí kò sí. Ẹ fi 165 àti Arduino sínú àpótí kan náà, kí wáyà swíìsì ló gùn. Lórí wáyà gígùn yẹn, rẹ̀sísítọ̀ 10 kilo-ohm ti fẹ́lẹ́ jù. 1 kilo-ohm ni mo máa ń fi sí i, pẹ̀lú kàpásítọ̀ 100 nF lẹ́nu ẹsẹ̀ IC. Tí wáyà bá gba ẹ̀gbẹ́ wáyà pọ́ńpù tàbí jẹnẹrétọ̀ kọjá, ẹ lo optocoupler PC817, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àmì kọjá, kí iná ìta má baà wọ inú àpótí.

* * *

Sí gbogbo ẹni tó ní "mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò ṣiṣẹ́"

Kàpásítọ̀ 100 nF, láàárín VCC àti ground, lórí IC kọ̀ọ̀kan, ní ìdí rẹ̀ gan-an. Kì í ṣe ẹyọ kan fún IC 24. Nígbà tí latch bá gbéra, ọ̀pọ̀ segment á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, fólítì á mì, IC tó wà nísàlẹ̀ á gbàgbé ohun tó mọ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà tó dáa ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá di jágbajàgba láti ibì kan sọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn á lọ máa wá àṣìṣe nínú kóòdù.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé iṣẹ́ tó máa wà lára ògiri sórí breadboard. Vero board tí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó dáadáa sàn. Tí ẹ bá ra IC lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní ìlú, ẹ fi ẹyọ kan dánwò kí ẹ tó ra ìyókù, torí ẹ máa pàdé èyí tí wọ́n tú lára pátákó àtijọ́ tí wọ́n sì fọ̀ mọ́. Àti pé ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí ara gbogbo wa bá ń ta pàpà bí a bá bọ́ aṣọ, ẹ fọwọ́ kan irin tó lọ sí ilẹ̀ kí ẹ tó mú IC dání. CMOS ni wọ́n, iná ara yín tó láti pa wọ́n láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

* * *

Ẹni tó ní kó sọ Uno nù kó lo ESP32

Lóòótọ́, ESP32, pátákó tí wọ́n ń fi kóòdù darí bíi Uno, ní WiFi, aago á lè tún ara rẹ̀ ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n fólítì 3.3 ló ń sọ. 74HC595 tó wà lórí fólítì 5 ń fẹ́ kí àmì tó 3.5 kó tó gbà pé òkè ni. TPIC6B595 tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, 0.85 fólítì tó ń jẹ ló ń béèrè, ìyẹn 4.25. Ẹlòmíì á ní òun so ó tààrà, ó sì ṣiṣẹ́. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí tí ọjọ́ tutù, kó kọ̀ lọ́la. Tí ẹ bá fẹ́ lo ESP32, ẹ fi 74HCT245, IC tó ń gbé àmì 3.3 dé 5, sí àárín. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí Uno ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

* * *

Padà sí Gáà-Akanbí

Àbúrò, o ní o fẹ́ fi bọ́tìnnì mẹ́rin sí i. Tó o bá ń rò ó láti ra 165 fún wọn, má rà á. Register máa jẹ ẹsẹ̀ mẹ́ta lára Uno, OE ìkan, DS3231 tó ń pa aago mọ́ á jẹ méjì, ìyẹn A4 àti A5. Ẹsẹ̀ ṣì kù rẹpẹtẹ. So bọ́tìnnì tààrà mọ́ Uno, lo INPUT_PULLUP, ìyẹn rẹ̀sísítọ̀ tó ti wà nínú Uno, kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Má gba DS1307 dípò DS3231 torí pé DS3231 wọ́n jù ú lọ díẹ̀. Ooru òun òtútù máa ń jẹ́ kí DS1307 sáré tàbí kó fà sẹ́yìn, DS3231 sì ń ṣàtúnṣe ara rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà ju bíi ìṣẹ́jú kan lọ lọ́dún. Àsìkò ìrun lo ń kọ sí ara ògiri.

Lo SPI, ọ̀nà tó yára tí Uno ní láti fi bíìtì ránṣẹ́, dípò àṣẹ shiftOut: data sí ẹsẹ̀ 11 lára Uno, clock sí ẹsẹ̀ 13, latch sí 10. Bíìtì 192 ni gbogbo pátákó. Tí SPI bá ń sáré ní 1 MHz, ìdá 192 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ló máa fi kọ gbogbo rẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni ò lè rí i. Rántí pé bíìtì tó o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ló máa lọ jìnnà jù, torí náà nọ́ńbà ìkẹyìn ìlà Ìṣáì ni kó o kọ́kọ́ kọ tó bá jẹ́ òun ló wà ní ìparí wáyà.

Má ra IC 24 lẹ́ẹ̀kan náà. Ra TPIC6B595 mẹ́rin, ṣe ìlà kan, kọ 88:88 sí i, fi mítà wọn iná tó ń fà láti fólítì 12. Segment 28 lọ́nà 18 mA, ó yẹ kó wà ní bíi ìdajì A. Jẹ́ kó tàn bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kó o máa fọwọ́ kan IC àti adápítà. Tó bá tutù, lọ gba owó ìlà márùn-ún tó kù lọ́wọ́ wọn. Tó bá gbóná, kọ nọ́ńbà tí mítà sọ síbí, ká jọ wò ó.